Corolla àti Mercedes lórí ìlà kan náà: Bí òfin handicap ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú drag race, àti ibi tó ti ń rẹ́ni jẹ

Ẹni tó bá ń wọ ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Sango tàbí Ojú-Oòre kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní handicap. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá bá fẹ́ pàdé ẹgbẹ́ kékeré, àwọn onítẹ́tẹ́ á ti fún ẹgbẹ́ kékeré ní góòlù kan tàbí méjì sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó gbé owó lé e náà lè ní ìrètí. Ohun kan náà ló wà nínú eré mọ́tò tí wọ́n ń pè ní drag race. Àmọ́ níbẹ̀, kì í ṣe góòlù ni wọ́n ń fúnni, àkókò ni. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ fẹ́ràn mọ́tò, tí ẹ máa ń wo eré yìí lórí fóònù, tí ẹ sì ń bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí mọ́tò kan fi ti lọ nígbà tí èkejì ṣì dúró, tàbí kí ló dé tí ẹni tó kọ́kọ́ dé òpin fi pàdánù, àlàyé rẹ̀ rèé.

Drag race kò le rárá láti ṣàlàyé. Mọ́tò méjì, ojú ọ̀nà gbọọrọ tí kò ní kọ́nà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló gbégbá orókè. Gígùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 402. Ọ̀pọ̀ pápá tí àwọn tí kì í fi eré náà jẹun ti ń sáré máa ń lo ìdajì ìyẹn, mítà 201. Ẹgbẹ́ NHRA tí Wally Parks dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, Amẹ́ríkà, ní 1951 ló ṣiṣẹ́ jù láti kó àwọn ọ̀dọ́ kúrò lójú títì lọ sí pápá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Santa Pod Raceway bẹ̀rẹ̀ ní 1966 ní Bedfordshire, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní South Africa, pápá Tarlton ni àwọn olólùfẹ́ eré náà mọ̀ jù. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń wa mọ́tò bí ọkọ̀ òfurufú kì í lo handicap, nítorí náà a ò ní sọ̀rọ̀ wọn púpọ̀ níbí. Àwọn tó ń fi mọ́tò tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ sáré ní ìparí ọ̀sẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn.

Ìka ò dọ́gba, mọ́tò náà ò dọ́gba

Ẹ wọ ọgbà mẹkáníìkì èyíkéyìí lágbègbè wa yìí, bóyá lọ́nà Ìdírókò tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ọ̀tà, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Corolla ọdún 2005, Camry tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Golf tí olówó rẹ̀ gbé tọ́bò sí, Mercedes tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìlú ẹnubodè la wà, a mọ tòkunbọ̀ dáadáa. Kí ìjọba tó fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé láti January 2017, ọ̀nà Ìdírókò yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà wọlé. Kò sí mọ́tò méjì nínú wọn tí agbára wọn ṣe déédé, kódà bí orúkọ ara wọn bá jọra. Bí ẹ bá ní kí wọ́n jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò máa borí títí ayé, àwọn yòókù á sì padà sílé. Ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń san owó ìwọlé lẹ́ẹ̀kejì láti wá pàdánù.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí àwọn alábòójútó eré gbà wá nǹkan ṣe sí i ni kí wọ́n pín mọ́tò sí kíláàsì. Nínú Stock àti Super Stock ti NHRA, wọ́n á wo ìwúwo mọ́tò, wọ́n á pín in sí iye horsepower tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ibi tí èsì bá bọ́ sí ni kíláàsì rẹ̀. Ó dára lójú ìwé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó lówó lè gba kíláàsì kékeré, kó wá ná owó lórí gbogbo ohun tí òfin ò dárúkọ, táá sì máa jáwé olúbórí láàrin àwọn tálákà. Nígbà tí wọ́n rí i, NHRA ṣe ètò kan tó máa ń fi kún iye horsepower tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún irú mọ́tò kan, bí irú mọ́tò náà bá ti ń yára ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Ẹ rò pé ìyẹn á yanjú ẹ̀? Ohun tó tẹ̀lé e ni pé àwọn awakọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bírékì kí wọ́n tó dé òpin, kí ìwé má bàa gbé iye tí mọ́tò wọn lè sá gan-an jáde. Òfin tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá yára ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi agbára pamọ́.

Kọ nọ́ńbà rẹ sára gíláàsì

Ọ̀nà kejì ni àwọn tí kì í fi eré náà jẹun fẹ́ràn jù, òun náà ni wọ́n ń pè ní bracket racing. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bìkítà nípa ẹ́ńjìnnì rẹ. Ìwọ awakọ̀ lo máa sọ iye àkókò tí mọ́tò rẹ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wàá kọ ọ́ sára gíláàsì gàdàgbà-gadagba kí gbogbo ayé lè rí i. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní dial-in. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin nọ́ńbà ẹni méjì ni wọ́n fi ń fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kò yára láǹfààní àti kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Corolla àti Mercedes ṣe é. Onícorolla kọ 17.20, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún ó lé díẹ̀. Onímercedes kọ 14.80. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.40. Torí náà, iná Corolla máa kọ́kọ́ tàn, ìṣẹ́jú àáyá 2.40 á kọjá kí iná Mercedes tó tàn. Bí mọ́tò méjèèjì bá sá nọ́ńbà tí wọ́n kọ gẹ́lẹ́, tí àwọn awakọ̀ méjèèjì sì gbéra bákan náà, wọ́n á jọ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà.

Iná tí à ń wí yìí, igi Kérésìmesì ni wọ́n ń pè é, wọ́n ti ń lò ó láti 1963. Iná aláwọ̀ ọsàn mẹ́ta á tàn tẹ̀lé ara wọn, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láàrin ọ̀kan àti èkejì, lẹ́yìn náà aláwọ̀ ewé á tàn, ó di lílọ. Ẹni tó bá dúró de aláwọ̀ ewé kó tó tẹ̀ ẹ́ ti pẹ́ jù, nítorí ara ènìyàn àti mọ́tò gan-an máa ń gba àkókò kí wọ́n tó sún. Iná ọsàn tó kẹ́yìn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wò. Ẹ̀rọ á ka iye àkókò tó kọjá láti ìgbà tí iná ewé tàn títí tí táyà fi kúrò lójú ìlà. Bó bá jẹ́ 0.000, kò sí èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mọ́tò bá ti sún ṣáájú, iná pupa á tàn.

Wàyí o, ẹ wò ó. Onícorolla gbéra ní 0.045, mọ́tò rẹ̀ sá 17.26, ó fi 0.06 lé nọ́ńbà tó kọ. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, 0.105 ló jẹ́. Onímercedes pẹ́ díẹ̀ níbi iná, 0.120, àmọ́ mọ́tò rẹ̀ sá 14.82, ó fi 0.02 péré lé tirẹ̀. Tirẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 0.140. Corolla ló borí, pẹ̀lú 0.035. Lójú ọ̀nà, ìyẹn kò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ, nítorí Mercedes náà ti ń bọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ súnmọ́ nọ́ńbà rẹ̀ jù kọ́ ló borí yìí o. Ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá tí onímercedes fi ṣòfò níbi iná ló gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí nìyẹn: ẹ́ńjìnnì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó ku ènìyàn.

Ẹnì kan á ní, ṣebí mo lè purọ́, kí n kọ 16.00 sára mọ́tò tó ń sá 14.80, kí wọ́n jẹ́ kí n ti lọ jìnnà. Wọ́n ti ro ìyẹn. Bí mọ́tò rẹ bá yára ju nọ́ńbà tó o kọ lọ, kódà bó ṣe 0.001 péré, o ti pàdánù. Breakout lorúkọ rẹ̀. Bí onímercedes yẹn bá sá 14.78 dípò 14.82, ì báà kọ́kọ́ dé òpin, Corolla ló ni ẹ̀bùn. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe breakout, ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló borí. Breakout kò sì burú tó iná pupa: bí ẹnì kan bá ṣe iná pupa, tí èkejì ṣe breakout, oníbreakout ló lọ.

Kò parí síbẹ̀, torí àwọn tó gbọ́n máa ń kọ nọ́ńbà tó fi díẹ̀ lọ́ra ju bí mọ́tò wọn ṣe lè sá lọ. Bí wọ́n bá ti rí i nítòsí òpin pé àwọn ló wà níwájú, wọ́n á fọwọ́ ba bírékì, wọ́n á yọ́ dé òpin láìkọjá nọ́ńbà. Àwọn kan ń pè é ní ọgbọ́n eré, àwọn kan ń pè é ní màgòmágó. Lójú tèmi, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń ṣe é ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ fa breakout bó bá ṣe àṣìṣe, ewu rẹ̀ wà lórí òun fúnra rẹ̀, mi ò rí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Nínú gọ́ọ̀fù ló ti burú jù. Ètò handicap àgbáyé kan náà fún gọ́ọ̀fù bẹ̀rẹ̀ ní January 2020, èyí tó ga jù níbẹ̀ sì jẹ́ 54. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dànù lọ́pọ̀ ọjọ́, kí handicap rẹ̀ lè ga, kó wá gbá a dáadáa lọ́jọ́ ìdíje, kò sí breakout kankan tó máa mú un lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ kíláàbù ló kù tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó parí.

Ibi tí òfin náà ti ń rẹ́ ẹni kékeré jẹ

Ọ̀rọ̀ tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù nìyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kíyè sí i. Nínú eré tó ní handicap, mọ́tò tó lọ́ra ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Òfin àtijọ́ sì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ tan iná pupa ti pàdánù, eré parí. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí. Onícorolla fi 0.003 ṣáájú iná. Kò tó ìṣẹ́jú, kò tó ìpajú. Lójú ẹsẹ̀, onímercedes ti borí, òun tí kò tíì kúrò lójú ìlà. Bí òun náà bá wá fi 0.050 ṣáájú iná, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fi ju ti Corolla lọ ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ó lé, iná pupa rẹ̀ ò tiẹ̀ ní tàn. Ìyẹn ni pé lọ́nà kan, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ yára lè fọkàn balẹ̀ níbi iná bí ẹni tó wà níwájú bá ti kọsẹ̀, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ lọ́ra kò sì ní irú ẹ̀ láé. Òun ló máa ń kọ́kọ́ fojú ko ewu, eré lẹ́yìn eré.

Àwọn pápá kan ti ń lo ẹ̀rọ tó dúró títí tí àwọn méjèèjì fi gbéra kó tó dájọ́. Bí àwọn méjèèjì bá ṣáájú iná, ẹni tí tirẹ̀ burú jù ló pàdánù. Ìyípadà kékeré ni lójú, àmọ́ nínú ìdíje tí ẹni ọgọ́rùn-ún ti bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnì kan ló máa kù, ìṣẹ́gun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́nà yìí ti lé ọ padà sílé. Owó gidi sì wà níbẹ̀. Ìdíje kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Million Dollar Drag Race, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, bracket racing ni.

Àwọn tó ń gbèjà òfin àtijọ́ náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ lọ kò ní ẹnikẹ́ni níwájú tó ń da ojú rẹ̀ láàmú, iná tirẹ̀ nìkan ló ń wò. Ẹni tó dúró ní láti fara balẹ̀ nígbà tí mọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bú lọ. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ pápá fi máa ń fi nǹkan dí àárín igi iná náà, kí awakọ̀ kan má bàa tẹ̀ lé iná ẹnì kejì. Àmọ́ nígbà tí eré bá dé ìdajì, ọ̀rọ̀ á yí padà: ẹni tó ń lé rí ẹni tó wà níwájú kedere, ó lè gbé e yẹ̀ wò bóyá kó tẹ̀ ẹ́ sí i tàbí kó fọwọ́ ba bírékì. Ẹni tó wà níwájú ní láti máa wẹ̀yìn. Bí mo ṣe rò ó, àǹfààní pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí mọ́tò rẹ̀ yára, kí wọ́n tó wá fi ti iná pupa kún un.

Bí owó ṣe ń gba fèrèsé wọlé padà

A ti ní handicap ń yọ agbára ẹ́ńjìnnì kúrò. Àmọ́ ohun tó rọ́pò agbára ni kí mọ́tò sá bákan náà nígbà gbogbo, ìyẹn náà sì ṣeé fi owó rà. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní delay box: awakọ̀ á fi iná àkọ́kọ́ tó tàn ṣe ìwọ̀n, á jọ̀wọ́ bọ́tìnì, ẹ̀rọ náà á bá a ka ìyókù títí di ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kó tó tú mọ́tò sílẹ̀. Ẹni tí kò ní in gbọ́dọ̀ fi ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán bá a du. NHRA yanjú èyí lọ́nà tó bójú mu: Super Pro nìkan ni wọ́n ti fàyè gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nínú Pro àti Sportsman kò sáàyè. Ìdíje mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í kọ nọ́ńbà, tí àwọn alábòójútó ló ń fúnni ní ọ̀kan: 8.90 fún Super Comp, 9.90 fún Super Gas, 10.90 fún Super Street. Àwọn méjèèjì á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá yára ju iye yẹn lọ ti ṣe breakout. Ó jọ pé ó dọ́gba, àmọ́ mọ́tò tó lè sá 9.90 kì í ṣe mọ́tò táwa ń wọ̀ lọ sọ́jà.

Ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ènìyàn, oxygen ló ń jẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi, irú ti aago méjì ọ̀sán ní Ọ̀tà nínú oṣù kẹta, kò ní oxygen tó ti àárọ̀ ọyẹ́. Nọ́ńbà tí mọ́tò kan sá láàárọ̀ kọ́ ló máa sá lọ́sàn-án. Ibi gíga tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Bandimere Speedway nítòsí Denver, tó ga ju mítà 1,700 lọ sókè òkun kí wọ́n tó tì í pa ní 2023, NHRA ní láti ṣe ìṣirò pàtàkì kí àwọn nọ́ńbà wọn tó nítumọ̀. Nínú bracket racing, awakọ̀ lè pa nọ́ńbà tó wà lára gíláàsì rẹ́, kó kọ òmíràn kí eré tó kàn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó mọ mọ́tò rẹ̀ dáadáa kò nílò ẹ̀rọ ojú ọjọ́ olówó iyebíye láti bá olówó du, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń ran ẹni tó ní in lọ́wọ́.

Ètò yìí ló jẹ́ kí àwọn ọmọdé náà lè sáré. Láti 1992 ni NHRA ti ní ìdíje Jr. Drag Racing fún wọn, pẹ̀lú mọ́tò kéékèèké, mítà 201 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà bí àwọn àgbà. Ọmọbìnrin tí mọ́tò rẹ̀ lọ́ra lè lé ọmọkùnrin tí mọ́tò rẹ̀ yára sílé, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n ṣojúsàájú.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé

Ẹ má dán an wò lójú títì. Òfin FRSC ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan láàrin ìlú àti 100 lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún mọ́tò aládàáni. Mercedes inú àpẹẹrẹ wa ti ń sá 150 nígbà tó dé òpin, ó sì máa nílò ju mítà 100 lọ sí i kó tó dúró, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú táyà tó dáa. Ẹ fojú inú wo ìyẹn lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, pẹ̀lú tírélà tó bàjẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí kò tan iná, ọlọ́kadà tó ń bọ̀ láti òdìkejì, àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìṣẹ́fùtì alẹ́. Handicap ò mọ àwọn wọ̀nyẹn.

Bí ẹgbẹ́ kan bá sì rí ilẹ̀ tí wọ́n ti pa, tí ó gùn tó, tí wọ́n gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n ní ọkọ̀ àwọn aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tó kù tó lè ba ọ̀rọ̀ handicap jẹ́ ni aago. Ẹni tó dúró ní òpin pẹ̀lú aago ọwọ́ lè fi ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ rántí pé 0.035 ló pín Corolla àti Mercedes níyà. Aago ọwọ́ kò lè dá irú ẹjọ́ yẹn, ẹni tó bá ń fi í dájọ́ nídìí owó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ojú ara rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ GPS kékeré bíi Dragy tí wọ́n ń so mọ́ fóònù lè ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti mọ iye tí mọ́tò rẹ̀ ń sá, kó lè mọ nọ́ńbà tó máa kọ. Àmọ́ mọ́tò kan ló ń wọ̀n. Kò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ kọjá nínú mọ́tò méjì, kò sì rí ẹni tó ṣáájú iná. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ta dábùú ojú ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, tí táyà máa gé bó bá ti kọjá, ni àwọn pápá gidi ń lò fún ìyẹn, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kí ẹ tó san owó ìwọlé níbikíbi.